Ògiri Ilé Ìdáná Tí Òkété Kò Jẹ

Òórùn kòkó tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò, tó ti lo ọjọ́ mẹ́rin lábẹ́ ewé, tó ń ta bí ọtí tó sì tún ń rùn bí ẹsẹ̀ tó pẹ́ nínú bàtà, òun ló máa ń gbé ọ̀rọ̀ yìí wá bá mi. Ẹ̀yìn ilé mi ní Odigbo ni mo máa ń bo kòkó mi sí. Ilé ìdáná wa alámọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ gan-an, débi pé ẹni tó bá ń se ọbẹ̀ yóò máa fa òórùn méjèèjì símú pọ̀, ti ẹja gbígbẹ àti ti kòkó. Àlejò a máa di imú. Èmi kì í di imú, ojú ló máa ń tì mí.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé mi ò kàwé kọjá ìwé kẹta, ṣùgbọ́n ẹnu mi gboyè. Bí mo bá rí ejò tó gùn tó apá, kí n tó délé ó ti gùn tó òpó iná. Èmi ni mo sọ ọ́ pé àwọn ẹ̀fọn Araromi-Obu gbé ọ̀kadà kan lọ lójú ọ̀nà oko, wọ́n fi èrò tó wà lẹ́yìn sílẹ̀ kó máa fẹsẹ̀ rìn, nítorí pé ó ti gbẹ jù. Níbi ìwọ̀n kòkó, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi jáde lójú wọn, orí mi á sì wú. Mo gbà pé irọ́ tí kò bá jí nǹkan ẹnikẹ́ni kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn.

Ọmọ mi ọkùnrin ń wa ọkọ̀ akógẹdú láti Ore lọ sí Èkó. Ó lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lójú ọ̀nà kí a tó gbúròó rẹ̀ ju orí fóònù lọ. Ọ̀dọ̀ mi ló fi ìyàwó rẹ̀ sí, pẹ̀lú ọmọkùnrin wọn tó ti lé díẹ̀ lọ́mọ ọdún méjì. Ìyá ọmọ mi ti filẹ̀ bora nígbà náà, nítorí náà ìyàwó yìí ni ọwọ́ mi, òun náà ni ẹsẹ̀ mi. Ọmọ Omifunfun ni. Nígbà tó kọ́kọ́ wọlé wa, dúdú ni, dúdú tó ń dán bíi kóró iṣin. Ó lè pọn ọmọ sẹ́yìn, kó ru agbọ̀n kòkó tútù lórí, kó sì tún máa fa orin ṣọ́ọ̀ṣì láti oko dé ilé láìmí gúlegúle.

Bí a ṣe ń jẹun nílé wa nìyí, mi ò dá a sílẹ̀ o, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá a lọ́wọ́ bàbá mi. Abọ́ tèmi ni yóò kọ́kọ́ bù. Bó bá jẹ́ ìgbín ló sè, gbogbo ìgbín inú ìkòkò ni yóò bọ́ sínú abọ́ mi. Bó bá jẹ́ òyà, itan tèmi, ẹ̀dọ̀ tèmi. Òun àti ọmọ á wá fi omi ọbẹ̀ jẹ òkèlè púpurù nínú ilé ìdáná. Bí mo bá jẹun tán, tí mo ti já ẹran ara egungun kúrò, mo máa ń pè é pé, "Ìyàwó, wá gba èyí, fún ọkọ ẹ kékeré kó máa fà á." Ó máa ń kúnlẹ̀ gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Oore ni mo kà á sí.

Adìẹ wa náà ń yé. Ṣùgbọ́n mo ti kìlọ̀ fún un pé ọmọ tó bá fẹnu kan ẹyin, olè ni yóò dà. Mo ní ọ̀kan wà ládùúgbò wa tó jẹ méjì péré ní kékeré, nígbà tó dàgbà ó jí agogo ṣọ́ọ̀ṣì gbé, tòun tẹni tó ń lù ú. Nítorí náà èmi ni mò ń bá wọn jẹ ẹyin náà, kí ilé wa má baà lólè. Mo máa ń sọ pé ẹni tí egungun rẹ̀ ti gbó bíi tèmi kò lè kọ́ olè jíjà mọ́.

Nígbà tí oyún rẹ̀ kejì pé oṣù mẹ́rin, ó lọ fi orúkọ sílẹ̀ nílé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí wa. Ó ti ibẹ̀ gbé oògùn bọ̀ nínú ọ̀rá, hóró pupa wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́. Orí bẹ́ǹṣì ni mo wà, mò ń jẹun.

"Bàbá, wọ́n ní kí n máa lo èyí lójoojúmọ́, pé òun ló ń fúnni lẹ́jẹ̀. Àmọ́ èyí tí mo lò níbẹ̀, ó fẹ́ mú mi bì."

Ká ní ọmọlúàbí ni mí, ǹ bá ní kó máa jẹun díẹ̀ kó tó lò ó. Ṣùgbọ́n ìtàn ti dé ẹnu mi, ìtàn tó bá sì ti dé ẹnu mi kì í padà sẹ́yìn. "Oògùn pupa yẹn kẹ̀? Ó dáa gan-an! Obìnrin kan lò ó ní Araromi-Obu, ọmọ inú rẹ̀ tóbi débi pé ó hu irùngbọ̀n níbẹ̀. Bó ṣe yọ orí jáde báyìí, ó kí agbẹ̀bí pé ẹ káàárọ̀, ó ní áṣáà dà?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. "Háà, ẹ̀yin bàbá yìí náà!" Ó kó oògùn rẹ̀, ó wọlé. Ohun tí mi ò rántí lọ́jọ́ náà, tó yẹ kí n rántí, ni pé ọjọ́ méjì gbáko ló fi rọbí àkọ́bí rẹ̀ yìí, nítorí pé ọmọ náà tóbi. Èmi ń dá àpárá, òun ń gbọ́ ẹ̀rù. Láti ọjọ́ náà mi ò fojú kan oògùn yẹn mọ́. Mi ò sì béèrè.

Kò ju oṣù méjì lọ tí ara rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Dúdú tó ń dán yẹn ṣí kúrò. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́, ètè rẹ̀ mọ́, ojú rẹ̀ wá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ewé tí oòrùn kò rí. Ẹnikẹ́ni tó bá ní làákàyè á ti béèrè pé kí ló dé. Èmi mú un lọ síbi ìwọ̀n kòkó, mo fi ń yangàn. Mo ní, "Ẹ wá wo ìyàwó ọmọ mi, ẹ wá wo apọ́nbéporẹ́! Epo ọ̀pẹ tí bàbá mi fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ni. Ṣíbí kan láràárọ̀. Bó bá fi lò ó dé oṣù tó ń bọ̀, a ò ní tan àtùpà nílé wa mọ́." Obìnrin mẹ́ta gbé ìgò wá bá mi kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, mo sì rọ epo fún wọn. Ìyá kan tó ń sun bọ̀ọ̀lì lẹ́bàá ọ̀nà nìkan ló wò ó tó sọ̀rọ̀ gidi. Ó ní, "Bàbá, ìyàwó yín yìí ń mí hẹlẹhẹlẹ o. Ẹ gbé e yẹ̀ wò." Mo dá a lóhùn pé arẹwà kì í fẹ́ ṣiṣẹ́ ni. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín, ó yí bọ̀ọ̀lì rẹ̀ padà.

Òótọ́ ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ló ń sọ korobá kalẹ̀ kó tó pọnmi délé. Mo rí i. Òótọ́ ni pé ọmọ náà kò lé adìẹ kiri mọ́, ẹnu ọ̀nà ló máa ń jókòó sí láti àárọ̀, irun rẹ̀ ti pọ́n ó sì ti fẹ́lẹ́. Ìyẹn náà, mo yìn ín. Mo ní ọmọ jẹ́jẹ́ ni, pé bàbá rẹ̀ kò jẹ́jẹ́ tó báyìí.

Ìgbà yẹn ni mo ṣàkíyèsí ihò lára ògiri ilé ìdáná, nísàlẹ̀, lẹ́bàá ààrò. Ó kọ́kọ́ tó àtẹ́lẹwọ́. Lọ́jọ́ kẹta ó ti tó abọ́. Ojú ibẹ̀ rí bí ibi tí wọ́n fi eyín tàbí èékánná ha. Mo ní òkété ni. Ẹ mọ̀ mí, òkété lásán kò lè tó mi. Kí ilẹ̀ tó ṣú, òkété náà ti tóbi tó ajá, ó ti ní èékánná wúrà, ó ti jẹ ilé ìdáná ẹni méjì tán kó tó kàn mí. Ìyàwó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó tẹ orí ba, ó ń fẹ́ iná. Mo mú tàkúté onírin mi tó léyín, mo dẹ ẹ́ sínú ihò náà ní ìrọ̀lẹ́, mo fi eruku bò ó dáadáa. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé, torí mo fẹ́ kí ó yà wọ́n lẹ́nu bí mo bá gbé òkété náà jáde.

Òjò rọ̀ díẹ̀ ní ìdájí. Ilẹ̀ ti mọ́, mò ń yí kòkó mi lábẹ́ ewé, nígbà tí mo gbọ́ pàkà! Mo fò sókè. Mo kígbe pé, "Ọwọ́ tẹ̀ ọ́ lónìí, ọmọ àlè!" Mo fa àdá yọ, mo sì sáré wọ ilé ìdáná tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ìyàwó ọmọ mi ni mo bá lórí ìkúnlẹ̀. Tàkúté ti mú ìka rẹ̀ méjì. Kò kígbe, ó kàn ń mí. Ọmọ rẹ̀ dúró tì í, ó na ọwọ́ kan sí ìyá rẹ̀ bí ẹni tó ń retí ìpín tirẹ̀, ó fi ọwọ́ kejì di amọ̀ mú. Amọ̀ wà létè àwọn méjèèjì.

Mo fẹsẹ̀ tẹ tàkúté náà ṣí. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo ti pa ẹran láyé mi, mo mọ ẹ̀jẹ̀. Èyí tó jáde lọ́wọ́ obìnrin yìí dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ẹran. Mo rí ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ kedere.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ló ń sọ. Òun ló ń bẹ̀ mí! "Bí òjò bá ti kan ògiri báyìí, òórùn rẹ̀ ni kì í jẹ́ n gbádùn. Mo fẹ́ fi amọ̀ dí i kẹ́ ẹ tó wọlé." Ó gbìyànjú láti dìde kó lè bá mi gbé àdá tó bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó ṣubú lé mi láyà, kò sì dáhùn mọ́ nígbà tí mo pè é.

Ọlọ́kadà tó ń gbé ìkejì ilé wa ló gbé wa. Ọmọ wà níwájú rẹ̀ lórí táǹkì, ìyàwó wà láàárín, èmi fi apá mi méjèèjì gbá a mú láti ẹ̀yìn. Mo ti ń gbé ẹrù kòkó láti kékeré. Oyún oṣù mẹ́fà ló wà nínú obìnrin yẹn, àpò kòkó tí kò kún wúwo jù ú lọ.

Ọjọ́ àyẹ̀wò aboyún ni wọ́n ń ṣe nílé ìwòsàn náà. Àwọn obìnrin kún orí bẹ́ǹṣì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì mọ̀ mí. Mo gbọ́ tí ọ̀kan ń sọ pé, "Bàbá elépo ti dé," tí wọ́n ń fún ẹ̀rín mọ́ ẹnu. Nọ́ọ̀sì kan, ọmọdébìnrin tí ojú rẹ̀ le, wẹ ọwọ́ ìyàwó, ó dì í. Ó fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀. Inú rẹ̀ funfun bí inú àgbọn. Ó fa ti ọmọ náà wálẹ̀. Funfun. Ìyàwó ti lajú nígbà yẹn, omi ṣúgà tí wọ́n fún un ti tì í lẹ́yìn díẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ní, "Oògùn ẹ̀jẹ̀ tá a fún ẹ ńkọ́? Ṣé ò ń lò ó?"

"Mò ń lò ó, mà."

"Lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́, mà."

"Oúnjẹ ńkọ́? Ṣé ò ń rí ẹran, ẹja, ẹyin jẹ?"

Ó wo ojú mi. Ó yára wo ibòmíràn. "Bàbá máa ń fún mi. Tèmi máa ń ju tiwọn lọ."

Nọ́ọ̀sì náà fi bírò kan iwájú orí. Ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ ju ẹni tó ń bá wa sọ̀rọ̀ lọ. Ó ní bí ẹni tó ń lo oògùn tó sì ń jẹun báyìí bá ṣì funfun tó báyìí, á jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀ níbi tójú ò tó, tàbí kí àìsàn mìíràn máa jẹ ẹ́. Ó ní òun á kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé, kí wọ́n lè máa wá ìdí rẹ̀ bó bá dé Ore. Mo rí i tí bírò náà kan ìwé.

Láti ìgbà tí mo ti dáyé, èmi ni mò ń purọ́ fún àwọn ènìyàn. Kò sí ẹni tó purọ́ nítorí mi rí. Ọmọ ọlọ́mọ tí ẹ̀jẹ̀ ti tán lára rẹ̀ ló ń lo ìwọ̀nba èémí tó kù fún un láti fi bo ìtìjú mi. Bí mo bá sì dákẹ́, wọn á máa wá àìsàn tí kò sí, nígbà tí àìsàn gan-an dúró tì wọ́n pẹ̀lú fìlà lórí.

"Irọ́ ni," mo wí.

Gbogbo wọn yíjú sí mi.

"Kò lo oògùn yẹn. Èmi ni mo sọ fún un pé yóò bí ọmọ onírùngbọ̀n. Ẹran ilé wa, èmi ni mò ń jẹ ẹ́. Ẹyin náà, èmi ni. Ògiri ilé ìdáná mi lòun àti ọmọ ẹ̀ ń jẹ."

Ẹ̀rín bú lórí bẹ́ǹṣì bí ìgbà tí wọ́n da yangan sínú agbada gbígbóná. Ọ̀kan pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan ní, "Bàbá yìí ò ní pa wá! Wọ́n ti wá ń jẹ ilé!" Òmíràn ní, "Ṣé epo lẹ fi ń jẹ ẹ́ ni, Bàbá?" Mo dúró síbẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi mo fẹ́ kí wọ́n dákẹ́. Mi ò ní ọ̀rọ̀ tí mo lè sọ tí wọ́n máa gbàgbọ́. Mo tẹ̀ ba, mo di ọwọ́ ọmọ náà mú, mo ṣí ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Amọ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó ti gbẹ, ojú eyín kéékèèké wà lára rẹ̀.

Ẹ̀rín náà kú. Obìnrin kan tó ti gba epo lọ́wọ́ mi yọ fóònù rẹ̀, ó fi ojú fóònù náà ṣe dígí, ó sì rọra fa ìpéǹpéjú ara rẹ̀ wálẹ̀.

Nọ́ọ̀sì pa ohun tó kọ rẹ́. Ó ní, "Ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ ọ́, Bàbá. Ẹ jókòó." Ì bá sàn kó gbá mi létí.

Ore ni wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mo ká apá aṣọ mi sókè, mo ní kí wọ́n fa tèmi. Wọ́n ní rárá, pé tèmi ti dàgbà kọjá èyí tí wọ́n lè gbà. Ẹ̀jẹ̀ ọlọ́kadà tó gbé wa débẹ̀ ló bá tirẹ̀ mu, ó sì na apá fún wọn. Mo jókòó síta, mo ń ro gbogbo ìgbín, gbogbo itan òyà, gbogbo ẹ̀dọ̀ tí mo ti jẹ láti ọdún yìí wá, tí kò sí ẹni tó lè rí ìwọ̀n ife kan lò nínú rẹ̀.

Ọlọ́run bá mi ṣe é. Ìyàwó lo ọjọ́ mẹ́fà níbẹ̀, ó sì padà wálé lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Wọ́n fún ọmọ náà ní oògùn aràn àti oògùn ẹ̀jẹ̀ olómi, wọ́n ní kí a máa fún un ní ẹ̀wà, ẹja, ẹ̀fọ́ àti ẹyin. Èmi fúnra mi ni mo se ẹyin àkọ́kọ́. Mo bó o, mo gbé e fún un. Ó wò ó, ó wò mí, ó fi ọwọ́ sẹ́yìn. "Olè," ó wí. Mo sọ fún un pé olè kan ṣoṣo ló wà nílé yìí, ó sì ti jẹ tirẹ̀ tán. Ó gbà á, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó bù ú jẹ.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni bàbá rẹ̀ tó ti ìrìn àjò dé. Ó fi gbogbo ara dọ̀bálẹ̀ fún mi lórí sìmẹ́ńtì, tòun ti eruku ọ̀nà lára rẹ̀. "Bàbá, ẹ ṣé. Wọ́n ní ẹ ò dúró bọ bàtà. Ẹ̀yin lẹ dá ẹ̀mí ìyàwó mi padà." Nígbà tó dìde, ẹ̀rín ti ń bọ̀ lójú rẹ̀. Ó ní, "Wọ́n sọ ọ̀kan fún mi ní gáréèjì Ore, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹ̀yin lẹ jẹ ẹran wọn tán tí wọ́n fi ń jẹ ògiri. Bàbá, lójú ikú náà, ẹ ò dá àwàdà dúró!"

Ìyàwó jókòó sórí àpótí, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n dì dúró nínú atẹ́. Ó gbé ojú sókè, ó ń wò mí, kì í ṣe bí ẹni tó ń bínú. Bí ẹni tó kàn fẹ́ mọ ohun tí màá sọ.

Mo la ẹnu. Mo rí ojú ọmọ mi, bó ṣe ń dán fún ìfẹ́ mi. Mo ní, "Ọlọ́run ló ṣe é." Ìyàwó tẹ orí rẹ̀ ba padà sórí ẹ̀wà.

Ọmọ tó wà nínú rẹ̀ nígbà náà ti ń lọ sílé ìwé báyìí, obìnrin ni, ó kéré lójú, ṣùgbọ́n ó gbọ́n. Abọ́ kan náà ni gbogbo wa fi ń jẹ báyìí, àwọn ọmọ ló sì ń kọ́kọ́ mú ẹran. Àwọn ènìyàn ń yìn mí fún un. Ọmọ mi ṣì ń sọ ìtàn náà fún àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, bí bàbá òun ṣe gba ẹ̀mí là tó sì tún pa nọ́ọ̀sì lẹ́rìn-ín. Bí mo bá ní kí n tún un sọ fún un, yóò tún rẹ́rìn-ín ni. Mo ti wá mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ lè tán lára ènìyàn nídìí abọ́ tí a jọ jókòó sí, láìsí ìjà, láìsí ọ̀tá, níwọ̀n ìgbà tí ẹnu kan bá ti ń sọ̀rọ̀ tó sì tún ń jẹun fún gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn jù kọ́ nìyẹn. Nínú gbogbo irọ́ tí mo ti pa láyé mi, ọ̀kan yìí nìkan ni mo fi ìdákẹ́jẹ́ pa, òun nìkan náà sì ni ọmọ mi gbà gbọ́ láìku ẹyọ kan.